Ẹja Tí Ìyá Nafissath Fi Ta Mí Lọ́rẹ

Kò sí ẹni tó ń kágò lẹ́nu ọ̀nà mi nínú ilé yìí. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí jù. Láti ìgbà tí Mouktar ti fẹ́ mi wọ agboolé wọn ní Àjàṣẹ́, títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a, títí di òní tí irun orí mi ti funfun, ńṣe ni wọ́n ń fi ọwọ́ gbá aṣọ ẹnu ọ̀nà mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n á sì wọlé. Ẹni tó fẹ́ iyọ̀ á wọlé bu iyọ̀. Ẹni tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń pariwo jù á wá sun oorun ọ̀sán lórí àga mi, á tún bi mí pé kí ló dé tí mo ń fọ abọ́ pẹ̀lú ariwo báyìí. Mo bí ọmọ mẹ́ta nínú ilé yìí, gbogbo wọn ti lọ sílé tiwọn, mo ti ní ọmọ-ọmọ ní Parakou, "ìyàwó" náà ni wọ́n ṣì ń pè mí. Ohun tí ìyàwó bá sì ní, ohun gbogbo ilé ni.

Ọ̀dọ̀ dókítà eyín kan ní Kútọnu, Dókítà Gaétan, ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nínú yàrá tí àwọn aláìsàn máa ń jókòó sí, tí wọ́n á di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó gbé àpótí gíláàsì ńlá kan síbẹ̀ tó kún fún omi òkun, pẹ̀lú òkúta, pẹ̀lú àwọn ohun abẹ̀mí tó rí bí òdòdó, pẹ̀lú ẹja aláwọ̀ mèremère. Akuaríọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Èmi ni mò ń nu gíláàsì rẹ̀, èmi ni mò ń bọ́ àwọn ẹja, èmi ni mò ń ṣọ́ omi rẹ̀ kó má baà gbóná jù. Ṣùgbọ́n n kò yan ẹyọ ẹja kan rí nínú wọn. Dókítà ló ń yàn, èmi ń tọ́jú. Nígbà tó fẹ́ ti ilé ìwòsàn rẹ̀ pa, ó gbé èyí kékeré tó wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀ fún mi, láìsí ẹja nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ àti iná rẹ̀, àti àwọn òkúta rẹ̀ nínú korobá omi. "Madame Balkissou," ó ní, "ó di ọwọ́ yín. Ẹja tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ fi sí i."

Ẹja tó bá wù mí! Ẹ ò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dún létí obìnrin tí wọn kò bi rí pé kí ló wù ú.

Igun yàrá iwájú, níbi tí bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ mi wà tẹ́lẹ̀, ni mo gbé e sí. Ìyá Nafissath ti ń fi ojú wọn igun náà tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n Mouktar ni, òun ni àgbà obìnrin nínú ilé, oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ ń gba ẹnubodè Kraké wọlé. Ó ti sọ ọ́ létí mi pé níwọ̀n ìgbà tí àwọn ọmọ ti lọ, igun yẹn yóò gba páálí ọṣẹ dáadáa. Kò bi mí o. Ó kàn ń sọ fún mi ni. Mo tètè gbé àpótí gíláàsì mi síbẹ̀ kí páálí tó dé. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ nínú ilé yìí kí n tó kú: igun kan tí ẹlòmíràn kò ní fọwọ́ kàn, ohun kan tí n ó lè sọ pé tèmi ni, tí ẹnikẹ́ni kò ní bá mi ṣe é ní àṣepọ̀.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe fi mí ṣẹ̀sín. Iyọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Iyọ̀ kan wà tí wọ́n ń kó ti òkè òkun wá, tí a ń pò mọ́ omi mímọ́ kó lè dà bí omi òkun. Salifou bá mi nídìí korobá níbi tí mo ti ń rò ó. Àbúrò ọkọ mi ni Salifou, ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Kraké. Èmi ni mò ń nu imú rẹ̀ nígbà tí mo wọlé ọkọ, ṣùgbọ́n ó ti wà láyé kí n tó dé, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ máa pè é ní "ẹ̀yin", òun sì ń pè mí ní "ìwọ".

"Ìyàwó," ó ní, "òkun wà ní Sẹ̀mẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ọlọ́run ò tà á fún ẹnì kankan. Ìwọ wá ń ra iyọ̀ láti fi ro òkun bí ẹni ń ro àmàlà?"

Mo ṣàlàyé fún un pé omi etí òkun ti gba epo ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi àti ìdọ̀tí oríṣiríṣi, kò ṣe é gbé sínú ohun kékeré báyìí.

"Ẹja tó wà nínú rẹ̀ ò ráhùn," ó dá mi lóhùn, ó sì rẹ́rìn-ín jáde.

Lẹ́yìn ti iyọ̀, ó kan ti ìdúró. Omi tuntun kì í gba ẹja lójú ẹsẹ̀. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pọ̀ lára òkúta, nítorí àwọn ni yóò máa jẹ ìdọ̀tí ẹja. Bí wọn kò bá tíì tó, ẹja á kú sínú ìtọ̀ ara rẹ̀. Nítorí náà mo tan iná, mo tan ẹ̀rọ, mo jókòó ti omi àti òkúta, mo ń dúró. Ó lé ní oṣù kan. Àwọn ará ilé á wọlé láìkágò, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ wò ó, wọ́n á na ìka: "Ẹja dà?" Mo ní kò tíì tó àkókò. Wọ́n á wo ara wọn. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ọ lẹ́yìnkùlé pé ọpọlọ ìyàwó ti ń yí, pé láti ìgbà tí Mouktar ti kú ni ó ti ń jókòó ti òkúta. Mo gbọ́ ọ ketekete, wọ́n sì mọ̀ pé mò ń gbọ́.

Yasmina, ìyàwó Salifou, ló ṣe èyí tó fẹ́ẹ̀ pa mí. Ó fẹ́ fi iná sí fóònù rẹ̀, kò rí ihò tó ṣí sílẹ̀, ló bá yọ wáyà ẹ̀rọ omi mi, ó ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì jáde lọ sí ọjà Wàǹdó. Nígbà tí mo dé, omi ti dákẹ́, ó ti ń rùn. Díẹ̀ ló kù kí gbogbo ohun tó wà lára òkúta náà kú. Mo pariwo débi pé aládùúgbò yọjú.

"Tantí, ẹ má bínú," Yasmina wí. "Mo rò pé kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ ni."

Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀! Ìyẹn gan-an ni wọ́n rò nípa gbogbo ohun tó jẹ́ tèmi.

Mo tún dúró, mo tún omi ṣe, títí ó fi yẹ. Ìgbà náà ni mo wá lọ sí Kútọnu lọ yan ẹja. Ẹ gbà mí gbọ́, ìgbà tí mo yan ọkọ gan-an, àyà mi ò já tó bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó ń tà wọ́n fẹ́ kí n kó púpọ̀, ó ń na ìka sí aláwọ̀ búlúù, ó ń na ìka sí abìlà. Mo kọ̀. Méjì péré ni mo mú, ọ̀kan tóbi díẹ̀ ju èkejì lọ, àwọ̀ wọn pọ́n bí epo tuntun, ilà funfun mẹ́ta ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó ju àtàǹpàkò mi lọ nínú wọn. Àpótí kékeré ni tèmi, méjì ló gbà. Nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá sí Àjàṣẹ́, mo gbé ọ̀rá omi wọn lé orí itan mi, mo fi ìborùn mi bò wọ́n nítorí oòrùn.

Wọn kò jẹ́ kí n simi nígbà tí mo délé. Ẹja tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ omi tuntun, díẹ̀díẹ̀ ni. Mo ti ra ọ̀pá rọ́bà tíńrín kan ní Wàǹdó, òun ni mo fi ń jẹ́ kí omi àpótí máa kán tó, tó, tó sínú korobá tí wọ́n wà. Gbogbo ilé dúró lé mi lórí.

"Tú wọn sílẹ̀ jàre!"

"Àbí ó ń fún wọn lábẹ́rẹ́ ni?"

 Nígbà tó tó àkókò, mo fi àwọ̀n kékeré gbé wọn sínú ilé wọn. Wọ́n lọ sílẹ̀, wọ́n gòkè, wọ́n sún mọ́ òkúta, èyí tó kéré ń tẹ̀lé èyí tó tóbi.  Mo sọ ọ́ síta láìtijú: inú mi dùn ju ọjọ́ tí wọ́n fún mi ní owó ìfẹ̀yìntì lọ.

Àṣà kan wà nínú ilé yìí, ẹ ti mọ̀ ọ́n, nítorí ó wà nílé tiyín náà. Bí àlejò tuntun bá dé sílé ẹnì kan, ìbáà ṣe ọmọ ìkókó, ìbáà ṣe ìyàwó, a kì í lọ kí i ní ọwọ́ òfìfo. Bí àgbà bá sì ta èèyàn lọ́rẹ, a ó kúnlẹ̀, a ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, a kò gbọdọ̀ dá a padà. Àìfàgbà fẹ́nìkan, wọ́n ní, ni kò jẹ́ káyé ó gún. Ó dára. Salifou mú ìkarawun etí òkun kan wá, mo dúpẹ́, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Yasmina mú bisikíìtì wá fún àwọn ẹja, mo dúpẹ́, mo jẹ bisikíìtì náà fúnra mi.

Ọjọ́ kejì, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ni Ìyá Nafissath ti etí òkun Sẹ̀mẹ̀-Kpodji dé. Ó gbá aṣọ ẹnu ọ̀nà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọlé, korobá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdajì ilé tẹ̀lé e lẹ́yìn.

"Bọ̀n, ó yá, ìyàwó," ó ní, ojú rẹ̀ ń dán, "wá wo ohun tí mo mú wá fún àwọn àlejò rẹ. Mo dúró ti àwọn apẹja títí wọ́n fi fa àwọ̀n dé èbúté. Mo ní kí wọ́n má pa á o, pé láàyè ni mo fẹ́ ẹ. Méjì kéré jù nínú ilé. Wọn ò ní ẹbí."

Mo yọjú sínú korobá. Ẹja òkun gidi ni, èyí tí wọ́n ń pè ní mérou, ọmọ rẹ̀ kékeré kan, ṣùgbọ́n ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ẹnu rẹ̀ sì gbòòrò bí ẹnu àpò. Mo mọ ohun tí ẹnu bẹ́ẹ̀ wà fún.

"Màmá, ẹ ṣé púpọ̀," mo ní. "Ẹ jẹ́ kó ṣì wà nínú korobá yìí ná. Kò tíì mọ omi mi."

"Omi tìẹ! Láti òkun gan-an ló ti wá, ìwọ lo fi iyọ̀ ro tìẹ." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. "Kúnlẹ̀ kí o gbà á, kí n rí i kó tó di àkókò ìrun. Ẹsẹ̀ ń ro mí."

Ì bá jẹ́ pé òṣìkà ni, ìbá rọrùn fún mi. Òṣìkà kọ́. Ó ti dúró nínú oòrùn Sẹ̀mẹ̀ nítorí mi, ìsàlẹ̀ ìró rẹ̀ ṣì tutù fún omi iyọ̀. Mo wò ó, mo wo àwọn tó kún ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ń dúró wo ohun tí ìyàwó yóò ṣe. Mo kúnlẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gba korobá náà. Mo da ẹja rẹ̀ sínú omi mi níṣojú rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, wọ́n sì tú ká. Mo ní bí wọ́n bá ti lọ tán, n ó mú un jáde. Ṣùgbọ́n ó ti wọ abẹ́ òkúta, gbogbo bí mo ṣe ń fi àwọ̀n tọ́ ọ, kò jáde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀kan ló kù. Èyí tó kéré kò sí mọ́. Èyí tó tóbi sá pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó ń gbọ̀n. Mérou jókòó láàárín ilé bíi baálé, ikùn rẹ̀ yọ.

Mo pe Salifou wá wò ó. Ó ní bóyá ológbò ni. Mo ní ológbò wo ló ń wẹ̀? Yasmina ní bóyá ó fò jáde, ó ń wá a kiri abẹ́ àga. Ìyá Nafissath ti inú yàrá rẹ̀ dáhùn pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ara wọn ni, kí n fi wọ́n sílẹ̀. Kí n fi wọ́n sílẹ̀! Inú bí mi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹja mọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n ti wọlé wá bù lọ nínú yàrá yẹn láti ọjọ́ tí mo ti dé ló tò síwájú mi.

Mo yọ òkúta kọ̀ọ̀kan jáde, òkúta tí mo ti fi ohun tó lé ní oṣù kan dúró tì. Nígbà tí kò síbi tó lè sá sí mọ́, mo mú un. Mo tún àwọn òkúta tò padà nítorí èyí tó kù. Lẹ́yìn náà mo dúró, ẹja Ìyá Nafissath ń jà lọ́wọ́ mi, mo sì ro ó dáadáa. A kì í dá ẹ̀bùn àgbà padà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kò sí àṣà tó ní kí a má sè é.

Nígbà tí mo la inú rẹ̀, mo bá a níbẹ̀. Odidi ni. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí díẹ̀, ṣùgbọ́n ilà funfun rẹ̀ ṣì hàn. Mo fọ̀ ọ́ nínú omi iyọ̀ díẹ̀, mo gbé e sórí àwo kékeré, mo fi ìdérí bò ó. Mo sunkún, mo sì gé àlùbọ́sà nígbà tí mò ń sunkún, kí ẹni tó bá wọlé láìkágò má baà rí nǹkan sọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni gbogbo ilé máa ń jẹun pọ̀ ní àgbàlá lẹ́yìn ìrun. Mo din ẹja náà, mo fi tòmátì àti ata tútù se é, mo bu àkàsà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbé e lọ fún Ìyá Nafissath, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó jẹ ẹ́, ó lá ìka, ó ní láti ìgbà tí mo ti wọlé wọn, n kò tíì se ẹja tó dùn tó báyìí. Ó bi mí pé ọ̀dọ̀ ta ni mo ti rà á.

Mo gbé àwo kékeré náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, mo ṣí ìdérí rẹ̀.

"Màmá," mo ní, "ẹ̀bùn yín lẹ jẹ yẹn. Tèmi ló wà nínú àwo yìí. Inú tiyín ni mo ti bá a."

Ó gbé ọwọ́ kúrò nínú àwo.  Salifou ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ní: "Ìyàwó, ìbínú ò da nǹkan fún ni. Sùúrù ni baba ìwà."

"Sùúrù náà ò da nǹkan fún mi," mo dá a lóhùn. "Mo ti ń ṣe é láti ìgbà tí mo ti ń nu imú yín."

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rẹ́rìn-ín. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, nítorí àgbà ni wọ́n, n kò sì fẹ́ kí wọ́n rí ẹ̀sùn mìíràn kà sí mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kò kúnlẹ̀.

"Yàrá kan ni Mouktar fi sílẹ̀ fún mi. Igun kan ni mo bù nínú rẹ̀ fún ara mi. Méjì ni mo fi síbẹ̀, nítorí méjì ló wù mí. Kò sí ẹni tó bi mí. Kò sí ẹni tó ń bi mí nínú ilé yìí."

Ìyá Nafissath wo àwo kékeré náà.

"Mo rò pé méjì kéré ni," ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ kà wọ́n?"

 Ó bu omi fọ ọwọ́ rẹ̀, ó dìde, ó wọlé lọ. Mo gbé àwo mi, mo lọ sin ẹja mi sí ìdí igi ọsàn lẹ́yìnkùlé, mo sì lọ jókòó ti èyí tó kù. Kò tíì jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé wọ́n ti ń ṣèpàdé lórí mi. Mo ní kí wọ́n ṣe é. Bí wọ́n bá ní kí n kó jáde, n ó kó jáde pẹ̀lú àpótí gíláàsì mi lórí. Ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tó wá bu iyọ̀. Ara kò rọ̀ mí síbẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, mo ń nu gíláàsì lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró. Aṣọ ẹnu ọ̀nà kò mì.

"Àgò o, ìyàwó."

N kò dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kì í ṣe ìgbéraga. N kò tètè mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí.

"Àgò yà," mo ní nígbà tó yá.

Ìgbà náà ni aṣọ náà tó ṣí. Ìyá Nafissath dúró lójú ọ̀nà, kò tíì gbé ẹsẹ̀ wọlé. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ wọn kí n lè rí i dáadáa pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ẹja yẹn ni mo wá kí," ó ní. "Mi ò mú nǹkan kan wá."

Mo kúnlẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ òfìfo náà.

"Ẹ ṣé, Màmá," mo ní.